Ẹ Wo Bàtà Ẹni Tí Ẹ Ń Pè Ní Ọ̀lẹ

Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí ẹ ń pè ní ọ̀lẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ lọ mú bàtà rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́ àfi tí mo bá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ó ti mọ́ mi lára láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ á fi máa yán. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Fúnkẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ni láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Mo pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ́dún yìí. Àìsàn kan wà lára mi tó ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀, láti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ sí itan, láti èjìká wá sí apá. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Kì í ranni; inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ń bá ọmọ wá sáyé. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é gùn, kò sì lè wúlò fún yín. Èyí tí àwa ń pè é nílé tiwa kúrú. Ọ̀lẹ là ń pè é.

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìntì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gbálẹ̀ ojúde fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kó rí èèyàn tó jókòó. Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú. Tó bá fẹ́ gbálẹ̀, á máa wọ́ àpótí rẹ̀ kiri, á máa ti orí rẹ̀ gbálẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ilé àwọn ìyá Fúnkẹ́, ìjókòó ni wọ́n jogún, wọn ò jogún oko." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín. Ibà ló gbé e lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí àbúrò mi kan ṣoṣo, Délé, wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Nílé wa, ọmọkùnrin tí kò bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárọ̀ kò tíì kí bàbá rẹ̀. Nígbà tí Délé tó ọmọ ọdún méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹríba lásán kí bàbá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ ọrùn, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá á ní kó dọ̀bálẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, kò ṣòro fún un láti lọ sílẹ̀. Ibi ìdìde ni wàhálà wà. Á kọ́kọ́ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dúró, á gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, á gbé ìkejì lé itan, á wá máa fi ọwọ́ gun ara rẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Bàbá gbà pé àfojúdi ni. Ó máa ń nà án, ó sì máa ń sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ló ń dà ọ́ láàmú." Òótọ́ ló ń sọ, kò kàn mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n má fi bàbá bo ara mi. Èmi ni mo burú jù. Èmi ni mo máa ń sín in jẹ tí àlejò bá wá, tí màá dọ̀bálẹ̀ sí àárín pálọ̀, tí màá máa gun ara mi lọ sókè pẹ̀lú ìkérora, títí àwọn èèyàn á fi máa fi ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àpò Sìmẹ́ǹtì, pé tí a bá ti gbé e kalẹ̀ síbì kan, ó di kí ẹni méjì gbé e kó tó kúrò. Orúkọ yẹn bá a dé ilé ìwé. Àwọn tí kò mọ orúkọ tí bàbá sọ ọ́ mọ èyí tí mo sọ ọ́.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ní Ìlọrin, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn kan ní Ọ̀fà Garage, lórí àpótí kékeré tí gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ń jókòó lé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń jẹun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àga gíga kan. Àpótí yẹn ti lọ sílẹ̀ jù, ó ń pẹ́ kí n tó dìde."

Mo ní, "Àga gíga? Ṣé kábíyèsí ni ọ́ ni? Ìwọ tí o ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, o tún fẹ́ kí ìjókòó náà gbádùn mọ́ ọ sí i."

Nígbà tí mo gba owó oṣù, mo lọ sí Ọjà Tuntun, mo ra bàtà kánfáàsì funfun fún un. Mo ní kó máa fi sáré láràárọ̀, pé ara tí kò bá ṣiṣẹ́ ni í gbó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó rí i, màá gbìyànjú."

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, bíréèkì mọ́tò akẹ́rù kan já ní Ọ̀fà Garage, ó sì kọrí sí ibi tí àwọn ọlọ́jà wà. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ló sá, kò sì sí ẹni tó kú àfi Délé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ìyá ẹlẹ́pà tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá bá mi nílé, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Anti, mo pè é. Ọlọ́hun gbọ́, mo pè é. Ó gbọ́ mi. Ó ti gbọ́wọ́ lé itan, ó ń dìde. Ó ń dìde náà ni."

Ní ọjọ́ tí a sin ín ní Ọ̀mù-Àrán, mo dúró láàárín ẹbí, mo fi ẹnu mi sọ pé, "Tó bá ṣe pé ó yára díẹ̀ ni." Kò sí ẹni tó bá mi wí. Wọ́n ń mi orí, torí ohun tí gbogbo wọn ń rò náà nìyẹn. Ara gbogbo ẹni tó ń ka èyí ló yẹ kó bù máṣọ, èmi tí mo sọ ọ́ ni kò ta lára nígbà náà.

Nígbà tí mo padà sí Ìlọrin tí mo ń kó ẹrù rẹ̀, mo rí kánfáàsì náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iwájú méjèèjì ti jẹ dé ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti hàn, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì funfun bí ọjọ́ tí mo rà á. Mo wò ó, mo ní ó dájú pé ńṣe ló ń fi ìbínú wọ́ ọ nílẹ̀ kó lè tètè bàjẹ́. Mo jù ú sínú ààtàn.

Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ara tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ́kọ, mo ti bí ọmọ mi kan ṣoṣo, Ìbùkún. Pátákó ìkọ̀wé ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀. Apá mi kò gòkè mọ́ tó bó ṣe yẹ, mo wá ń kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ pátákó, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn sì ń ráhùn pé orí àwọn tó wà níwájú ń dí àwọn lójú. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì. Tí a bá kúnlẹ̀ àdúrà, tí gbogbo ìjọ bá ṣe àmín tí wọ́n dìde, èmi á ṣì wà nílẹ̀, màá dijú, màá máa mi ètè, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá bí mo ṣe máa fi ọwọ́ di bẹ́ǹṣì mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Aládùúrà. Irọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó dùn létí, n kò sì já wọn ní koro. Àní wọ́n fi mí ṣe igbákejì olórí ẹgbẹ́ aládùúrà!

Ọjọ́ tí mo ṣubú ní Ọjà Tuntun ni ọ̀rọ̀ di ti ẹbí. Ẹ̀gbọ́n Mòdúpẹ́, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo mu ún títí inú mi fi ń ṣe bí odò. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ìyẹn fi òrí àti aṣọ dì mí ní ìbàdí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí kò san, ó ní ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ojú lásán, a sì lọ sí ilé àdúrà kan. Ẹni tó gbàdúrà fún mi ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi pẹ̀lú ojú burúkú. Ọdún kan gbáko ni n kò fi kí obìnrin yẹn, òun tó máa ń bá mi gbé báàgì. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, kí n sì sáré yí ilé àdúrà po lẹ́ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ ni mo sá kí n tó dojú bolẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ yẹn mú mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ tó bá a lọ kò sì padà mọ́.

Láàárín àkókò yìí náà ni Ẹ̀gbọ́n Mòdúpẹ́ fi ẹjọ́ ọmọ mi sùn mí. Ìbùkún ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ọmọ yín yìí ti ń gbéra ga o. Ìdúró ló fi ń kí mi. Ọmọ olùkọ́!" Àlejò méjì wà lórí ìjókòó. Ojú tì mí. Mo pe ọmọ náà, mo gbá a létí, mo ní, "Kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ìwà ọ̀lẹ wo lèyí?" Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó di apá àga mú, ó sì fi ọwọ́ kejì ti itan rẹ̀. Mo rí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú mi méjèèjì là kalẹ̀, mo rí i, mo sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọkọ mi ló sọ níkẹyìn pé ó tó, pé ilé ìwòsàn ńlá ni a ń lọ. Ẹ̀yin tó bá ń lọ síbẹ̀, ẹ tètè jí, kí ẹ sì mú sùúrù dání. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń ní ká jókòó sí láti dúró de dókítà lọ sílẹ̀ púpọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ mi, kí n tó dìde, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Wọ́n á ní, "Kò sí níbí." Èmi á máa pariwo pé mo wà níbí, mo ń bọ̀, mo ń dìde. Lọ́jọ́ kejì tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi. Mo ń dìde. Mo jókòó padà, mo sì fi ìborùn bojú.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ kékeré, ló yẹ̀ mí wò. Kò tíì ka ìwé mi tó fi sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó padà kí ẹ tún dìde fún mi." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi hàn mí. Iwájú ti jẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ tuntun. Ó ní tí iṣan ìbàdí àti ti itan bá ti ń rọ, èèyàn á máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn kó má bàa ṣubú, láìmọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ta ló tún ń dìde báyìí nílé yín?"

Mo gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. Ọkọ mi rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Mo wá sọ ti Délé àti ti ìyá mi fún un. Dókítà náà rọra ṣàlàyé. Ó ní ara kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Àní láàárín àwọn tí ara wọn le, a rí ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, a rí èyí tó jẹ́ pé ìjókòó ló bá a lára mu. Bí a ṣe tọ́ wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwa a sì máa pe gbogbo rẹ̀ ní ìwà. Ó ní tiwa ju ìyẹn lọ, àìsàn ni. Ẹnì kan á tètè rí i, ẹlòmíràn kò ní rí i títí ó fi di àgbà. "Àbúrò yín kì í ṣe ọ̀lẹ, mà. Ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó jókòó, ó sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu."

Mo ní, "Ṣé eré sísá ì bá ti ràn án lọ́wọ́?"

Ó wo ojú mi, ó ní ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a fi tipátipá lé sáré tí àìsàn yìí fi í sílẹ̀.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí òkè òkun. A ta firísà wa, ìjọ sì dá owó fún wa. Ọ̀pọ̀ oṣù ni èsì fi pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n èmi kò dúró de èsì kankan. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo rí dókítà náà, bí mo ṣe dé ilé, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fa sáńdàlì Ìbùkún tó fi ń lọ ilé ìwé lọ́dún tó kọjá jáde, mo dojú rẹ̀ dé. Ẹ ti mọ ohun tí mo rí.

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ náà bá mi nígbà tó dé. N kò lè dìde. Ó fẹ́ gbé mi, kò lágbára tó fi máa gbé mi, òun náà sì jókòó tì mí. Mo fi sáńdàlì náà hàn án. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Mo sọ fún yín, màámi. Ẹ ní kí n yéé ṣe ọ̀lẹ."

Ẹkún wa ni Alhaja gbọ́. Ìyá Ìlọrin gidi ni, ilé wa kángun sí tirẹ̀. Ó wọlé, ó wò wá. Ó padà sílé rẹ̀, ó sì gbé àga gíga kan wá. Ó fà mí láti ẹ̀yìn títí ìdí mi fi bọ́ sórí rẹ̀, ó wá fa Ìbùkún náà dìde. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un tán, ó ní, "Ẹ máa lo àga yìí. Orí ẹ̀ ni mo ti ń kírun láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ mí lẹ́nu. Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ló ní kí ẹni tí ò bá lè forí kanlẹ̀ jókòó. Tí Ọlọ́hun bá gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹrú ẹ̀, ta wá lọmọ aráyé tó ní dandan ni kí wọ́n kúnlẹ̀ kí òun?"

Mo fi ọwọ́ pa apá àga náà. Irú rẹ̀ gan-an ni Délé tọrọ. Kò tó owó kánfáàsì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí nìyí. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Orí àga gíga ni mo ti ń kọ́ni, ọmọ kan ló ń bá mi kọ̀wé sí pátákó. Mo ti bẹ olùkọ́ tí mo fura sí, ó sì ti dárí jì mí, ó tún ń bá mi gbé báàgì. Ìbùkún ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ti fi hàn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn, dókítà sì ní ó lè rọra máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí a kò bá fi agbára bà á jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú èyí fún, ẹ má sáré yí ilé kankan po. Ẹ wá àga gíga. Ẹ sì wádìí ẹni tí ẹ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìdílé yín, bóyá ó ṣì wà láàyè.

Lóṣù tó kọjá a lọ kí bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún un lórí fóònù, ó kàn ń dá mi lóhùn pé, "Mo gbọ́." Nígbà tí a dé, ó wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbùkún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ ọrùn, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá àgbà." Ibi tí Délé máa ń dúró sí gan-an ni.

Bàbá di apá àga mú, ó dìde. Láyé mi, n kò rí i rí kí bàbá mi dìde fún ọmọdé. Ó ní, "Wá, jókòó sí tèmi yìí. Òun ló ga jù nínú ilé." Ìbùkún wò mí, mo mi orí sí i, ó jókòó.

Bàbá kọjú sí ojúde. Ó ní, "Fúnkẹ́. Ọmọ yẹn, Délé. Ṣé ó máa ń dùn ún?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀hún kì í dunni, Bàbá."

Ó ń retí kí n sọ ohun tó máa ń dùn ún gan-an. N kò sọ ọ́. Mo wá àga fún un, ó ní kí n fi sílẹ̀, ìdúró ló sì wà títí a fi wọ mọ́tò.